Ẹ̀jẹ̀ Ta Ni Wọ́n Fi Wé Ti Ọmọ Mi?

ÌBÉÈRÈ

Ọbáńtokò ní Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 26, rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Ọ̀tà, wọ́n sì ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, wọ́n kọ “L” sí ẹ̀gbẹ́ sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀: 3.4. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ neutrophil sí, 1.4 ni wọ́n kọ, òun náà gba “L”. PCV rẹ̀ jẹ́ 43, wọn kò sì kọ àmì kankan sí platelet. Wọ́n ní kó lọ tún un ṣe, bákan náà ló tún jáde. Ilé iṣẹ́ náà ní kó ṣì dúró sílé ná.

Ẹnì kan ti sọ fún wa pé ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Aládùúgbò wa ti gbé àgbo wá. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí kò ṣàìsàn, bọ́ọ̀lù ló ń gbá ní gbogbo Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní London ló wá sọ lórí fóònù pé òdiwọ̀n tí wọ́n fi wé ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi kì í ṣe tiwa. Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí? Bí kì í bá ṣe tiwa, kí ló dé tí wọ́n ń lò ó fún wa?

Ìyá kan, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú ìdààmú, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí yóò jẹ́ kí ẹ lè sùn lálẹ́ òní. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ le, tí ń sáré lórí pápá, tí PCV rẹ̀ (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa) jẹ́ 43, tí platelet rẹ̀ (àwọn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) kò ní ẹ̀sùn, tí neutrophil rẹ̀ (irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan tó jẹ́ ọmọ ogun ara) sì jẹ́ 1.4 lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Mo ní ó ṣeé ṣe, n kò ní ó dájú, torí n kò fi ojú rí i. Ohun tí dókítà yóò wò kó tó lè dájú, mo máa dé orí ẹ̀.

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n yín sọ. Ẹ mú ìwé èsì yẹn dání bí ẹ ṣe ń ka èyí. Ní apá òsì, ẹ ó rí orúkọ ohun tí wọ́n wọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, iye tó jáde. Ní apá ọ̀tún, ẹ ó rí iye méjì tí ilà kékeré wà láàárín wọn. Fún sẹ́ẹ̀lì funfun, ó sábà máa ń jẹ́ 4.0 sí 11.0, fún neutrophil, 2.0 sí 7.0 tàbí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Bí iye ọmọ yín bá kéré sí èyí tó wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ á tẹ “L” sí i. Bó bá ju ti òkè lọ, á tẹ “H”. Kò sí ohun mìíràn tí ẹ̀rọ náà ṣe. Kò mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù ni ọmọ ń gbá tàbí orí ibùsùn ló wà. Iye méjì tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ náà ló fi ń ṣèdájọ́, nínú ọ̀pọ̀ láàbù wa sì rèé, bí iye méjì yẹn ṣe bá ẹ̀rọ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é, tàbí bí ìwé ẹ̀kọ́ òyìnbó ṣe kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀.

Ara ènìyàn ni wọ́n ti ń rí iye méjì náà. Wọ́n á wá àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá, ó kéré tán 120, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á wá to èsì wọn láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù. Nínú 120 yẹn, èsì ẹni kẹta láti ìsàlẹ̀ ni yóò di ààlà ìsàlẹ̀, èsì ẹni kẹta láti òkè ni yóò di ààlà òkè. Ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà láàárín. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ yọ àwọn kan sẹ́yìn, láìjẹ́ pé àwọn yẹn ń ṣàìsàn? Nínú ogún ènìyàn tí ara wọn le, ẹnì kan yóò gba “L” tàbí “H” lórí àyẹ̀wò kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá wọn ogún nǹkan tí kò bá ara wọn tan lára ẹni tí kò ṣàìsàn rárá, ó ju ìdajì lọ dáadáa pé, ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn á gba àmì. Àmì yẹn ń sọ pé kí dókítà wò ó ni, kò sọ pé àrùn wà.

Ìbéèrè tó kù ni pé, àwọn 120 wo? Níbo ni wọ́n ń gbé? Fún sẹ́ẹ̀lì funfun, ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló ń dààmú ọmọ yín.

Lára sẹ́ẹ̀lì pupa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láyé, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní Duffy. Ara rẹ̀ ni kòkòrò ibà kan tó ń jẹ́ Plasmodium vivax ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ní 1976, Louis Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹni tí kò ní Duffy lórí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀, vivax kò rọ́nà wọlé sí i lára. Ìdí nìyẹn tí irú ibà yẹn kò fi rí ilé kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Falciparum ni tiwa, òun kò sì nílò ẹnu ọ̀nà yẹn. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn baba ńlá wa ti pàdánù Duffy yìí lórí sẹ́ẹ̀lì pupa. Nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí jíìnì àgbáyé tí wọ́n pè ní HapMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, gba ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn pátá ni kò ní in. Kò sí ìdí kankan tí ti Ẹ̀gbá yóò fi yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn.

Ní 2009 ni ìwádìí David Reich àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé jíìnì kan náà tó mú Duffy kúrò yìí ló fà á tí neutrophil inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó wá láti Áfíríkà fi kéré sí ti àwọn òyìnbó. Mùdùnmúdùn egungun wọn ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọ ogun náà wà, ó jọ pé inú àwọn ẹ̀yà ara mìíràn ni ọ̀pọ̀ wọn wà, wọn kò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí abẹ́rẹ́ fà jáde. Àìsàn kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ rọrùn láti kọlù wọ́n ju ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí wọ́n wá wọn àwọn aláwọ̀ dúdú tí ara wọn le ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ya àwọn tí kò ní Duffy sọ́tọ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2023, ààlà ìsàlẹ̀ fún àwọn yẹn bọ́ sí nǹkan bíi 1.2. Màmá, ọmọ yín wà lókè rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan lèyí ń bàjẹ́. Ní Abẹ́òkúta tiwa yìí, a ní Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò fi sọ ìlú yìí di mímọ̀ káàkiri ayé láti 1954. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ clozapine, tí wọ́n ń lò fún àwọn tí àrùn ọpọlọ wọn kò gbọ́ ti oògùn yòókù. Oògùn yìí lè mú kí neutrophil lọ sílẹ̀, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó léraléra. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà, bí neutrophil aláìsàn kò bá tó 2.0, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Ẹ wo iye aláwọ̀ dúdú tí wọ́n tipa bẹ́ẹ̀ fi oògùn tí ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́ dù, tí kò sì sí ohun tó ṣe ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní 2015 ni àwọn aláṣẹ oògùn ibẹ̀ tó ya ààlà ọ̀tọ̀ fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn rí bí ti ọmọ yín, tí wọ́n ní 1.0 tó láti bẹ̀rẹ̀. Iye kan lórí ìwé ni, ayé ẹnì kan ló sì dá dúró.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tó jọ èyí. Jíìnì alpha-thalassaemia pọ̀ lára Yorùbá, ó sì ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa kéré níwọ̀n láìsí àìsàn. Ẹni tí kò mọ̀ á máa rọ oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin síni lọ́nà ọ̀fun lásán. Widal tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n fi ń sọ pé “màláríà pẹ̀lú táífọ́ọ̀dù” ni, ohun tí ara ti ṣe láti fi bá kòkòrò jà ló ń wọ̀n. Níbi tí táífọ́ọ̀dù ti pọ̀, ẹni tí kò ṣàìsàn náà ń gbé e kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ìlú tí kò bá kọ́kọ́ mọ iye tó wà lára àwọn tí ara wọn le, táífọ́ọ̀dù ni yóò máa tọ́jú lára ẹni tí kò ní in. Mo rò pé owó tí a ti ná sórí èyí ní ìpínlẹ̀ Ògùn nìkan yóò kọ́ ilé ìwòsàn.

Ẹ wá jẹ́ kí n kìlọ̀ kan o, torí ibí yìí ni mo ti rí i tí àwọn ènìyàn dáadáa ń ṣìnà. Bí a bá ti gbọ́ pé òdiwọ̀n òyìnbó kò bá wa mu, kíá la máa ń sọ pé “bí tiwa ṣe rí nìyẹn”, a ó sì gbé gbogbo “L” jù sẹ́yìn. Ó léwu. Ká ní a lọ sí ọjà Kútọ̀ lónìí, a gba ẹ̀jẹ̀ obìnrin 120 tó kọ́kọ́ kọjá, a wọn ẹ̀jẹ̀ pupa wọn, a sì fa ààlà. Nínú wọn ni a ó ti rí ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀ jù láti ọdún kẹta, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tí aràn wà nínú rẹ̀, ẹni tí láfún àti ọbẹ̀ tí kò sí ẹran nínú rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ààlà tí a bá fà lára wọn yóò lọ sílẹ̀, a ó sì máa wo obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀ lójú, a ó máa sọ fún un pé kò sí nǹkan kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní obìnrin tí kò lóyún yẹ kó ní haemoglobin 12 ó kéré tán. Títí di ìgbà tí a bá fi ẹ̀rí tó dájú hàn pé ti àwọn obìnrin wa tí ara wọn le yàtọ̀ sí i, èmi kò ní fara mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní 10 tó fún wọn torí pé 10 ló wọ́pọ̀. Bákan náà ni eosinophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn tí aràn máa ń gbé ga: kí ó pọ̀ lára gbogbo ọmọ àdúgbò kan kò sọ ọ́ di ìlera, oògùn aràn ni àdúgbò náà nílò. Ohun tó wọ́pọ̀ lọ́tọ̀, ohun tó dára lọ́tọ̀. Duffy, bí wọ́n ṣe bí wa nìyẹn. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ìyà ló kó o bá wa.

Nítorí náà, òdiwọ̀n ti ìbílẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu sọ, iṣẹ́ ni. Àwọn tí a bá fẹ́ lò gbọ́dọ̀ jẹ́ ará ibí, kí ara wọn sì le ní tòótọ́. A ó bi wọ́n léèrè oògùn àti àgbo tí wọ́n ń mu. A ó yẹ̀ wọ́n wò fún HIV àti mẹ́dọ̀wú, fún kòkòrò ibà tó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ láìgbé ara gbóná, fún aràn, fún iye irin inú ara. A ó yọ àwọn aboyún sọ́tọ̀, torí tiwọn ń yí padà láti oṣù dé oṣù. Ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọmọdé lọ́tọ̀. A ó gba ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, ẹni náà yóò ti jókòó jẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, a kò ní so okùn mọ́ ọn lápá pẹ́ jù. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi wọn ṣúgà kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú oòrùn Abẹ́òkúta kó tó dé ẹ̀rọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ á ti jẹ lára ṣúgà náà. Àwọn tó wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní báǹkì ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó wa lò, torí ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì ti dá àwọn kan padà lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn kan ti ṣe é ní Áfíríkà. Ní 2009 wọ́n tẹ ìwádìí ńlá kan jáde láti Kenya, Uganda, Rwanda àti Zambia, tí wọ́n fi ènìyàn tó lé ní 2,000 ṣe; ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ara wọn le yìí ni òdiwọ̀n Amẹ́ríkà ì bá ti kà kún aláìsàn. Ní 2014, àwọn onímọ̀ tẹ ti Jọ́ọ̀sì jáde fún àwọn àgbàlagbà Nàìjíríà, iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì wà lókè gíga, ó fi ohun tó lé ní mítà 1,200 ga ju ìpele òkun lọ, ibi gíga sì máa ń mú kí ara ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa púpọ̀ sí i. Abẹ́òkúta kò ga tó bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí náà, ti Jọ́ọ̀sì pàápàá, a gbọ́dọ̀ dán an wò kí a tó gbà á.

A kò sì gbọ́dọ̀ rò pé “òdiwọ̀n aláwọ̀ dúdú” kan ṣoṣo yóò tó fún gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ kíndìnrín kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Nínú ìṣirò tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1999 àti ní 2009 láti fi mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, bí ẹni náà bá ti jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n á bù kún iye rẹ̀, nǹkan bí ìdá 18 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ti àkọ́kọ́, ìdá 16 nínú èkejì. Ara àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní Ghana àti South Africa, ìṣirò náà sún mọ́ òótọ́ jù nígbà tí wọn kò bu nǹkan kan kún un. Kíndìnrín tó ti ń rẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé ó ṣì lágbára. Ní 2021, Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ yọ ọ́ kúrò. Bí láàbù tí ẹ ń lọ bá ṣì ń bu nǹkan kún un, ẹ sọ fún wọn pé ó ti kúrò níbẹ̀.

Àwọn láàbù kéékèèké tó wà ní Pańṣẹ́kẹ́ àti Àsẹ̀rò lè máa rò pé iṣẹ́ àwọn ilé ìwòsàn ńlá nìkan ni èyí. Rárá o. Ọ̀nà kékeré kan wà tí ìlànà àgbáyé fọwọ́ sí: ẹ wá ogún ènìyàn tí ara wọn le ní àdúgbò yín, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn lórí ẹ̀rọ yín, ẹ sì wé e mọ́ òdiwọ̀n tí ẹ ń lò. Bí ẹni tó bọ́ síta kò bá ju méjì lọ, ẹ lè máa lò ó lọ. Bí wọ́n bá tó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ wá ogún mìíràn. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, òdiwọ̀n yẹn kì í ṣe ti àwọn tí ẹ ń tọ́jú. Ó dá mi lójú pé bí wọ́n bá dán neutrophil wò báyìí ní Abẹ́òkúta, ààlà 2.0 kò ní yege.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọmọ wa. Ẹ dá àgbo yẹn padà pẹ̀lú ọpẹ́. A kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, oògùn mìíràn sì wà tó ń ba neutrophil jẹ́ gan-an. Ẹ wá ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ àtijọ́, bóyá ti ìgbà tó fẹ́ wọ yunifásítì tàbí ìgbà tó lọ sìnrú ìlú. Bí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ bá ti wà ní nǹkan bíi 3 láti ìgbà yẹn, ẹ̀rí tó dára jù lọ nìyẹn. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà tàbí ní State Hospital ní Ìjàyè, kí wọ́n fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ bóyá ọlọ́ inú wú, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ maikirosikópù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV àti mẹ́dọ̀wú, kí wọ́n béèrè oògùn tó ń lò. Ẹni tó ń lo carbimazole fún gẹ̀gẹ̀, bí àpẹẹrẹ, kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ mi yìí tu ara rẹ̀ nínú. Bí wọ́n bá lè yẹ Duffy wò ní báǹkì ẹ̀jẹ̀, ó dára. Bí wọn kò bá lè ṣe é, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ náà wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti tó.

Bí ara rẹ̀ bá ń gbóná, bí egbò bá ń yọ lẹ́nu rẹ̀ léraléra, bí eéwo kò bá jẹ́ kó sinmi, bó bá ń rù, bí PCV tàbí platelet náà bá gba “L”, tàbí bí neutrophil bá lọ sísàlẹ̀ 1.0, ẹ má sọ pé bí tiwa ṣe rí nìyẹn. Ẹ padà lọ kíá. Bí kò bá tó 0.5, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, ẹ má dúró de òwúrọ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, ẹ ní kí dókítà kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà pé iye yìí wà láàárín ohun tí a ń rí lára àwọn tí kò ní Duffy, pé kò dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ kankan, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà èsì méjèèjì sí i. Kí ọmọ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, torí ibòmíràn tún máa béèrè.

Ẹ̀yin tó ń darí láàbù ní Ẹ̀gbá, láti Ìdí-Àbà dé Sacred Heart ní Lántòrò tó ti ń tọ́jú aláìsàn láti 1895, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa owó pọ̀, ẹ pa ẹ̀rọ pọ̀, kí ẹ jọ ṣe iṣẹ́ yìí, kí ẹ sì kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé èsì ibi tí òdiwọ̀n tí ẹ ń lò ti wá. Ẹ̀yin òǹkàwé náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ilé ìwòsàn kan ń wá àwọn tí ara wọn le láti gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún irú iṣẹ́ yìí, ẹ má sọ pé “mi ò ṣàìsàn, kí ni mo fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?” Ẹni tí kò ṣàìsàn gan-an ni wọ́n ń wá, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì máa gbà kò ju ṣíbí tíì mélòó kan lọ. Ẹ lọ.